Nitric oxide àti ọpọlọ àgbàlagbà: mo fẹ́ ra supplement fún màmá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Mórẹ̀nikẹ́_A

Ẹ kú ìkàlẹ̀ ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń rú mi lójú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ wà níbí. Màmá mi ti lé lẹ́ni ọdún 70, dókítà sì ti sọ fún wa pé Parkinson's ló ń ṣe wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e lé itan báyìí tí wọn ò fi ṣe nǹkan kan, àtàǹpàkò á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí ìka ìfábẹ̀lá, kò ní dúró, àmọ́ tí wọ́n bá na ọwọ́ yẹn láti mú kọ́ọ̀bù, gbígbọ̀n náà á dẹwọ́. Ní báyìí wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan náà, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè, màá dáhùn, kò ní pẹ́ wọ́n á tún bi mí.

Ẹnì kan wá ní kí n lọ ra arginine, èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ tí wọ́n ń tà bíi supplement, fún wọn, pé á jẹ́ kí ara wọn máa ṣe nitric oxide, nitric oxide sì ló ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, tí iṣan bá ti fẹ̀ ẹ̀jẹ̀ á ráyè lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ á sì jí pépé. Ó dùn létí. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó kà nípa ẹ̀ fúnra mi, mo rí i pé nitric oxide yìí kan náà ni wọ́n ní ó ń ba sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ jẹ́ bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà, pé wọ́n ti rí ipasẹ̀ ẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn tó kú tí wọ́n ní Parkinson's àti Alzheimer's, ìyẹn àìsàn ìgbàgbé. Báwo ni nǹkan kan náà á ṣe máa tún ọpọlọ ṣe tí á tún máa bà á jẹ́? Ṣé kí n rà á ni àbí kí n jáwọ́? Àbí èyí tó ń dènà ẹ̀ gan-an ló yẹ kí n máa wá? Ẹ dákun, ẹ má fi èdè àwọn ọ̀mọ̀wé pa mí o, ẹ là á yé mi.

Kọ́lá_Lábù

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Lábù tí wọ́n ti ń wo sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀, ó máa gùn díẹ̀ ṣá.

Ohun méjèèjì tí ẹ kà yẹn, òótọ́ ni. Gáàsì ni nitric oxide, átọ́ọ̀mù náítírójìn kan àti ọ́síjìn kan péré ló para pọ̀ dì í, kì í pẹ́ nínú ara rárá, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti pòórá, awọ sẹ́ẹ̀lì ò sì lè dá a dúró, ibi tó bá wù ú ló ń gbà kọjá. Tẹ́lẹ̀, èéfín mọ́tò ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí wọ́n wá rí i láàárín àwọn ọdún 1980 pé ara èèyàn fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, tó fi ń sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kó dẹ̀, ó yà wọ́n lẹ́nu gan-an, òun ni wọ́n torí ẹ̀ fún Furchgott, Ignarro àti Murad ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998. Ní ti ọpọlọ, ọdún 1988 ni John Garthwaite àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà máa ń tú u jáde nígbà tí glutamate, kẹ́míkà kan tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, bá ta á jí. Ó wúlò níbẹ̀, ó wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń kọ́ nǹkan tó fi ń rántí nǹkan.

Ẹ́ńsáìmù mẹ́ta ló ń ṣe é, arginine tí wọ́n ní kí ẹ rà yẹn sì ni gbogbo wọn ń lò. Èyí tó wà lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ eNOS, èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń jẹ́ nNOS, àwọn méjì yìí ní ìjánu, calcium ló ń jí wọn, tí calcium bá ti lọ sílẹ̀ wọ́n á sinmi, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe. Ìkẹta ló le, iNOS. Òun kì í sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọpọlọ, ìyẹn microglia, bá rí ohun tó jọ ọ̀tá ni wọ́n tó ń ṣe é, tí wọ́n bá sì ti ṣe é tán, kò gbọ́ ti calcium kankan mọ́, á kàn máa da nitric oxide jáde ni, ó lè jẹ́ fún wákàtí púpọ̀, ó lè jẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá jẹ́ kòkòrò àìsàn ló wọlé, ìyẹn dáa, ohun ìjà ni. Àmọ́ nínú ọpọlọ àgbàlagbà, àwọn microglia yẹn máa ń gbaná jẹ láìsí kòkòrò kankan, sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sì ń jìyà ẹ̀.

Kí wá ni ìyà náà? Nitric oxide nìkan ò fi bẹ́ẹ̀ burú, ẹni tó bá pàdé ni wàhálà. Mitochondria tó ń ṣe agbára fún sẹ́ẹ̀lì máa ń jò díẹ̀, ohun tó ń jò jáde ni superoxide, bí mitochondria bá sì ṣe ń gbó ni jíjò yẹn ń pọ̀ sí i. Tí superoxide àti nitric oxide bá ti fojú kanra, kíá ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó yá jù ú lọ nínú sẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n á sì dà ni peroxynitrite. Òun gan-an ni ọ̀daràn, ọdún 1990 ni Joseph Beckman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti nawọ́ sí i. Peroxynitrite máa ń lẹ náítírójìn àti ọ́síjìn mọ́ tyrosine tó wà lára purotéènì, ohun tó bá sì dà lẹ́yìn náà ni nitrotyrosine, ìyẹn ni ipasẹ̀ tí ẹ kà nípa ẹ̀. Wọ́n ti rí i nínú ọpọlọ àwọn tó ní Alzheimer's, Parkinson's, àti ALS tó ń pa iṣan ara rọ.

Ní ti Parkinson's, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ alpha-synuclein, òun ló máa ń dì jọ nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pe ohun tó dì yẹn ní Lewy body. Lọ́dún 2000 wọ́n yẹ àwọn Lewy body wò, wọ́n sì bá alpha-synuclein tí wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n tún rí i pé nitric oxide máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ parkin, iṣẹ́ parkin sì ni kó sàmì sí ìdọ̀tí inú sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n lè kó o dànù. Tí parkin ò bá ríṣẹ́ ṣe bó ṣe yẹ, ìdọ̀tí á máa pọ̀.

DNA náà ò yọ. Peroxynitrite máa ń ṣẹ́ DNA, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ PARP á sì sáré wá tún un ṣe, àmọ́ ohun tí PARP ń ná láti fi tún un ṣe, NAD, ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe agbára. Tí ìbàjẹ́ bá pọ̀ jù, á dà bí ìgbà tí èèyàn ná gbogbo owó oúnjẹ sórí títún ilé ṣe, ilé á dúró, ebi á sì pa onílé kú.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti MPTP. Lọ́dún 1982, àwọn ọ̀dọ́ kan ní California gún oògùn olóró tí wọ́n pò ní kọ̀rọ̀, MPTP sì ti wọnú ẹ̀, ṣe ni wọ́n gan bí igi, wọn ò lè rìn wọn ò lè sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn rí bíi ti ẹni tó ti ní Parkinson's láti ọdún gbọọrọ. Nígbà tí wọ́n wá gbé MPTP yẹn lọ sára eku ní lábù, eku tí wọ́n ti yọ ẹ́ńsáìmù nNOS kúrò lára ẹ̀ ò fara gbá a tó àwọn tó kù. Ìyẹn ni pé nitric oxide wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe pé ó kàn ń kọjá lọ. Bóyá òun ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ lára èèyàn, ìyẹn ọ̀tọ̀ o. Lójú tèmi, ó máa ń wá kún iná tó ti ń jó ni.

Ìyá_Ìbejì2

Ẹ ṣeun Kọ́lá, mo ka gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gáàsì yìí náà ni àwọn dókítà eyín máa ń ní kéèyàn fà símú kó má baà mọ ìrora?

Kọ́lá_Lábù

Rárá o mà. Ìyẹn nitrous oxide, náítírójìn rẹ̀ jẹ́ méjì, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Wàhálà tiẹ̀ ni pé tí èèyàn bá ń fà á símú léraléra láti fi gbádùn ara, á ba fítámì B12 jẹ́ nínú ara, ẹsẹ̀ lè máa kú tipiri. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Apòògùn_Lánre

Kọ́lá, ẹ kú àlàyé. Àǹtí Mórẹ̀nikẹ́, oògùn ni iṣẹ́ tèmi, ọ̀rọ̀ arginine yẹn ni mo fẹ́ dì mú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á.

Ẹ wò ó, Parkinson's máa ń ba ohun tó ń di ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mú jẹ́, tí ẹni tó ní in bá dìde lójijì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á já wálẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, levodopa, oògùn Parkinson's tí wọ́n sábà máa ń lò, náà á tún kún un. Arginine lè tún fa ìfúnpá yẹn wálẹ̀ sí i. Àgbàlagbà tó bá ṣubú tí egungun ìbàdí ẹ̀ kán, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Kò sì sí ìdánwò oògùn kankan tó fi hàn pé arginine ń dá Parkinson's dúró tàbí pé ó ń dá ìrántí padà fún wọn.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé nítorí pé inú oúnjẹ ni arginine wà, kò lè ṣèèyàn ní nǹkan. Lọ́dún 2006 àwọn dókítà ní Johns Hopkins gbé àbájáde kan jáde, àwọn 153 tí heart attack ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ni wọ́n fún, àwọn kan gba arginine, àwọn kan gba kóró tí kò ní nǹkan kan nínú, èrò wọn ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ á rọ̀. Iṣan ò rọ̀, ọkàn ò le sí i, mẹ́fà ló kú nínú àwọn tó gba arginine, ẹnì kan ò kú nínú àwọn tó kù, ni wọ́n bá dá a dúró. Mo mọ̀ pé màmá yín ò ní ìṣòro ọkàn tí ẹ mẹ́nu bà, àmọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní in tí wọn ò tíì mọ̀. Tó bá sì wá jẹ́ pé wọ́n ń lo oògùn nitrate fún àyà dídùn, ẹ máa rántí pé nitric oxide ni ìyẹn náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí rèé: ẹ jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n dìde dúró, kí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn o, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá fi 10 wálẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ mú un lọ bá dókítà. Àti pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yẹn, ẹ bá mi wo orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, mo fẹ́ mọ̀ bóyá benzhexol, oògùn kan tó ń dẹ ọwọ́ tó ń gbọ̀n, wà níbẹ̀.

Túnjí_O

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ àmọ́ nǹkan kan ò yé mi. Tó bá ti jẹ́ pé a mọ ọ̀daràn, a mọ ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe é, kí ló dé tí wọn ò kàn ṣe oògùn tó máa dí iNOS pa ká sinmi? Tàbí kí wọ́n fún àwọn àgbàlagbà ní antioxidant tó pọ̀, ìyẹn ohun tó ń pa irú májèlé bẹ́ẹ̀, bíi fítámì E àti C, kó pa peroxynitrite náà kó tó ṣe nǹkan kan. Èmi ò rò pé ó le tó bí àwọn dókítà ṣe ń sọ ọ́, mo rò pé torí pé fítámì ò mówó wọlé ni.

Kọ́lá_Lábù

Túnjí, ìbéèrè gidi nìyẹn, àmọ́ wọ́n ti dán an wò, owó ńlá ni wọ́n sì fi dán an wò.

Fítámì E ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 800 tí Parkinson's wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kó jọ sínú ìwádìí DATATOP, wọ́n ń fún àwọn kan nínú wọn ní ẹyọ 2000 fítámì E lójoojúmọ́, èsì jáde lọ́dún 1993, kò ṣe nǹkan kan fún wọn. Ní ti Alzheimer's, àwọn ìdánwò kan fi hàn pé ó fi díẹ̀ dẹ bí wọ́n ṣe ń pàdánù agbára àtidá nǹkan ṣe, àmọ́ kò dáàbò bo ẹni tí kò tíì ní in, tó bá sì pọ̀ jù lára, ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ya nínú ọpọlọ. Wọ́n tún gba ọ̀nà mìíràn. Uric acid tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń gbá peroxynitrite mú, wọ́n sì ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí uric acid wọn ga kì í fi bẹ́ẹ̀ ní Parkinson's, ni wọ́n bá fún àwọn aláìsàn ní inosine tó ń jẹ́ kó gòkè. Uric acid gòkè lóòótọ́. Parkinson's ò dẹwọ́, ohun tí wọ́n rí gbà ni òkúta nínú kíndìnrín, èsì yẹn jáde lọ́dún 2021. Mo ní ìrètí gan-an nínú ìyẹn, ó dùn mí.

Ti dídí ẹ́ńsáìmù pa ńkọ́? Wọ́n gbìyànjú oògùn kan tó ń dí gbogbo NOS, ẹ́ńsáìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, mọ́lẹ̀ fún àwọn tí kòkòrò àìsàn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ wọn tí ìfúnpá wọn ti já. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gòkè padà bí wọ́n ṣe fẹ́, àmọ́ àwọn tó gba oògùn náà ń kú ju àwọn tí ò gbà á lọ, 59 nínú 100 sí 49 nínú 100, wọ́n sì dá a dúró kó tó parí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ torí pé eNOS tí iṣan ẹ̀jẹ̀ fi ń mí náà bá a lọ. Oògùn tó máa mú iNOS nìkan, tó máa wọnú ọpọlọ, tó máa wọ̀ ọ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó kú, ìyẹn le. Nígbà tí ọwọ́ èèyàn bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń rìn, ti lọ.

Ìdí mìíràn wà tó jẹ́ pé òun ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àgbàlagbà kan náà, nitric oxide máa ń pọ̀ jù níbì kan, ó sì máa ń wọ́n níbòmíràn. eNOS tó wà lára iṣan nílò ohun kan tó ń jẹ́ BH4 kó tó lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, peroxynitrite sì máa ń ba BH4 jẹ́. Tí BH4 bá ti lọ, eNOS yẹn kan náà á fi nitric oxide sílẹ̀, superoxide lá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ẹ rò ó wò, ọpọlọ ò ju ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, ó sì ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ọ́síjìn tí à ń mí sínú, tí iṣan ẹ̀ ò bá lè fẹ̀ nígbà tí ibì kan nínú ọpọlọ ń ṣiṣẹ́, ebi ọ́síjìn á máa pa ibẹ̀. Nítorí náà tí a bá da arginine sí i, a ò mọ ibi tó ń lọ, tí a bá sì fi oògùn dí gbogbo ẹ̀, ibi tó ti wọ́n tẹ́lẹ̀ náà á gbẹ.

Èyí tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni memantine, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2003 fún Alzheimer's tó ti wọra. Kì í dí nitric oxide, ẹnu ọ̀nà tí calcium ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ló ń dí, kìkì nígbà tí ẹnu ọ̀nà yẹn bá ṣí sílẹ̀ jù, tí calcium ò bá rọ́ wọlé nNOS ò ní ya wèrè. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò wo àìsàn náà sàn.

Ìyá_Ìbejì2

Kí wá lèèyàn lè ṣe tí nitric oxide á fi wà níbi tó yẹ?

Kọ́lá_Lábù

Rírìn mà, kí ara gbóná, kí èémí yá díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń sáré kọjá lára ògiri iṣan, fífi tó ń fi ara rà á yẹn ló ń jí eNOS, níbi tí a ti fẹ́ ẹ gan-an. Ewébẹ̀ tútù náà ní nitrate, kòkòrò ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ yí i padà kí ara tó lè sọ ọ́ di nitric oxide, ìdí nìyẹn tí fífi oògùn ìfọnu apakòkòrò yọ ẹnu lójoojúmọ́ fi lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru gòkè díẹ̀ fún àwọn kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́, kó tó di ọjọ́ ogbó pàápàá. Nínú ìwádìí SPRINT MIND tó jáde lọ́dún 2019, àwọn tó lé ní 9000 ni wọ́n tọ́jú, àwọn tí wọ́n fa nọ́ńbà òkè wọn wá sí ìsàlẹ̀ 120 ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro ìrántí tó ń bẹ̀rẹ̀ tó àwọn tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ 140. Ti àrùn arán (dementia) fúnra ẹ̀, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí ò tó ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹni tó ti ní Parkinson's ní tiẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fa tiẹ̀ wálẹ̀ fúnra ẹ̀ o, ẹ ti rí ohun tí Lánre kọ.

Mórẹ̀nikẹ́_A

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Mo ti wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí: ní ìdùbúlẹ̀ ó jẹ́ 138 lókè, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n dìde ó ti di 112, wọ́n sì ní orí ń fò wọ́n díẹ̀. Mi ò ra arginine mọ́. Bọ̀dá Lánre, mo wo oògùn wọn, benzhexol wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀sán àti alẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Ṣé kí n dá a dúró?

Apòògùn_Lánre

Ẹ má dá a dúró lójijì, àǹtí mi, ara lè gan ju bó ṣe wà lọ, ọkàn wọn sì lè dàrú. Àmọ́ ẹ pe dókítà wọn lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì yẹn fún un, 138 sí 112, ìyẹn ju 20 lọ. Benzhexol máa ń jẹ́ kí ọwọ́ dẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ó máa ń da ìrántí àgbàlagbà rú, ó ṣeé ṣe kí òun wà nídìí ìgbàgbé yẹn ju nitric oxide lọ, ẹ bi í bóyá ó máa lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kó bá wọn yẹ fítámì B12 àti thyroid wò náà. Kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n máa jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, kí ẹnì kan sì máa wà nítòsí tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru.